Ìyàwó Bàbá Mi Lẹ́nu Ọ̀nà

Bí mo bá ń kọ́ ọ̀rọ̀ eré ìtàgé nílé wa ní Aké, ẹnu ọ̀nà ni ìyàwó bàbá mi máa ń dúró sí, aró àdìrẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Tún un sọ,” ni yóò wí.

Mo gbà pé àṣìṣe mi ló ń ṣọ́, kó lè lọ rò ó fún bàbá mi.

Ó tún sìn mí lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ yan òṣèré nílé ẹ̀kọ́ wa. Níwájú àwọn tíṣà, ọ̀rọ̀ pòórá lẹ́nu mi. Mo wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn: ìyàwó bàbá mi tí kò mọ̀wé ń fi ètè sọ ọ̀rọ̀ mi, kò fo ẹyọ kan. Mo ń wo ètè rẹ̀, mo sì sọ ọ̀rọ̀ náà dópin.

Wọ́n yàn mí.

“Ẹ ṣeun, Àǹtí,” ni mo wí nígbà tí a jáde.

Ó ní, “O rò pé mo ń ṣọ́ ẹ ni, àbí?”

N kò lè gbójú sókè.