Ológbò Màmá Zissel

Kò sí ẹni tí ò mọ ti alẹ́ Ìrékọjá yẹn ní àdúgbò àwa Júù ní Antwerp. Wọ́n ti jẹun tán nílé Breindl, wọ́n ti bu wáìnì sínú ife wòlíì Èlíjà. Fradl, ìyàwó ọmọ Breindl, lọ ṣílẹ̀kùn fún wòlíì bí a ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Màmá Zissel ló bá níbẹ̀, tòun ti bàtà rọ́bà.

"Èlíjà ń bọ̀ lẹ́yìn," ó ní. "Fradl ni mo wá mú. Ológbò mi ń rọbí."

"Ṣebí ó bímọ nígbà Àjọ Àgọ́?" Breindl bi í.

"Òun náà ni."

"Alẹ́ Ìrékọjá ló wá tún kàn?"

"Breindl, èmi kọ́ ni mo fún un lóyún." Ló bá gbé ife wòlíì, ó mu ún gbẹ. "Èlíjà ní kí n bá òun mu ún."

Màmá Zissel ò ní ológbò kankan. Adágún ìwẹ̀mọ́ àwa obìnrin ló ń tọ́jú. Lẹ́yìn nǹkan oṣù, alẹ́ kan wà tí ìyàwó gbọ́dọ̀ wọ inú omi yẹn kó tó lè sún mọ́ ọkọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ mọ̀; ológbò ni màmá fi ń bò ó. Ti Fradl bọ́ sí alẹ́ àjọ̀dún, níṣojú ìyá ọkọ. Ọmọ ló ń wá, ọkọ rẹ̀ sì máa rìnrìn àjò gbàrà tí àjọ̀dún bá parí.

Mottel oníbúrẹ́dì gbà á gbọ́, ó tọrọ ọmọ ológbò títí. "Ẹ ní sùúrù," màmá ní. "Ti ológbò mi máa ń tó oṣù mẹ́sàn-án."

Lálẹ́ Ìrékọjá yẹn, nílé adágún, ooru omi bo iná, gbogbo ilé rí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Fradl rì sínú omi bí ẹni wọnú àlá, irun rẹ̀ ń léfòó, lẹ́yìn náà ó pòórá. "Ó mọ́," Màmá Zissel wí jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn. Ó fi aṣọ ìnura bo ojú ara rẹ̀ kó má baà wò ó.

Nígbà tí màmá kú, Mottel gbé wàrà wá sílé ọ̀fọ̀. "Ta ló ń bọ́ ológbò náà báyìí?"

Gbogbo obìnrin wolẹ̀. Ẹ̀rín ń pa wá, omi ń bọ́ lójú wa.

Breindl gba wàrà náà. "Ẹ ṣeun. Ológbò yẹn bímọ nígbà tèmi náà." Ó wá yíjú sí Fradl. "Ti alẹ́ Ìrékọjá yẹn ńkọ́, èwo ló bí?"

Fradl rọra gbé ọmọbìnrin rẹ̀ tó ti sùn lé ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.