Ìròyìn Tí Mista Bọ̀dé Kọ Sílẹ̀ De Àlejò

Aago kan ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Mista Bọ̀dé kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, pé àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Lásìkò tó ń kọ ọ́ yìí, àgádágodo ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn náà, ẹni tó fẹ́ wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà láti Dakar. Mista Bọ̀dé kò ka èyí sí irọ́. Iṣẹ́ ló kà á sí.

Ọpẹ́olúwa Adébọ̀dé lorúkọ rẹ̀ gan-an, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ṣùgbọ́n àwọn ará Banjul ti gé orúkọ náà kúrú láti ọdún 1997 tó ti wá síbẹ̀ wá ṣe olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Kanifing ló gbà á síṣẹ́. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ọ̀gá àgbà fi rí i pé ó mọ ìwé kọ dáadáa, ló bá gbé ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ kà á lórí. Ojú ìwé méjì péré ni: ta ló ń bọ̀ wá dá wa lẹ́kọ̀ọ́, ta ló rí owó ìwádìí gbà, ta ni wọ́n fẹ́ rán lọ kọ́ṣẹ́ sí i lókè òkun. Ọdún kẹtàlá rèé. Òun ló kọ ọ́ nígbà tí Momodou, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ń lọ sí Malaysia, òun náà ló kọ ọ́ nígbà tí Oumie ń lọ sí Norway, Oumie tí kò padà wá mọ́ títí dòní. Gbogbo wọn ni Mista Bọ̀dé ti fi kálámù sìn dé pápákọ̀ òfuurufú. Òun nìkan ni kò lọ síbì kankan.

Bí kíkọ ìròyìn de àlejò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni àwọn olùkọ́ àlejò máa ń sọ̀rọ̀, ọ̀gá àgbà sì fẹ́ kí ìwé ìròyìn wà lórí tábìlì gbogbo ènìyàn ní kùtùkùtù Jímọ̀. Pa Adama tó ń tẹ̀wé fún wọn lẹ́bàá Albert Market kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́ bí aago mẹ́fà Ọjọ́bọ̀ bá ti lù. Ọmọ Akú onímọ̀le ni, ìran Yorùbá tí àwọn bàbá bàbá wọn ti Freetown wá, ọjọ́ Jímọ̀ kò sì ṣeé bá a fi ṣeré. Ní ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, Mista Bọ̀dé máa ń jókòó sí gbọ̀ngàn, á kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, á wá sáré wọ gelegele, ọkọ̀ èrò ibẹ̀, lọ sí Banjul, á mí hẹlẹhẹlẹ wọ ilé ìtẹ̀wé. Lọ́jọ́ kan, mọ́tò dákú sójú ọ̀nà, ìwé kò jáde, ọ̀gá àgbà sì bú u lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni ń bú ọmọ ọ̀dọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí àlejò tó dé. “Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù,” ló máa ń wí. Gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ló mọ̀, kò sẹ́ni tó bínú. Àwọn àlejò gan-an a máa gbé ìwé náà lọ sílé lọ fi han ìyàwó.

Ṣùgbọ́n ti Ọjọ́bọ̀ yìí yàtọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan òun alára. Dókítà Jainaba Sarr ni àlejò ń jẹ́. Àjọ kan ní Dakar tó ń ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láti lọ kọ́ṣẹ́ ló rán an wá. Yóò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́bọ̀, bó bá di àárọ̀ Jímọ̀ yóò fọ̀rọ̀ wá ènìyàn méjì lẹ́nu wò, yóò sì mú ẹnì kan. Ẹni náà yóò lo ọdún kan ní Accra, yóò kọ́ iṣẹ́ olóòtú ìwé, àjọ ni yóò gbé gbogbo ìnáwó. Òfin wọn kò gba ẹni tó bá ti pé àádọ́ta ọdún. Mista Bọ̀dé yóò pé àádọ́ta ní oṣù kìn-ín-ní. Bí èyí bá bọ́, ó bọ́ nìyẹn. Ẹnì kejì tó ń du àyè náà ni Nafi, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìkówèésí, Mista Bọ̀dé ló sì bá Nafi tún Gẹ̀ẹ́sì inú fọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe. Ìwà rẹ̀ nìyẹn. Yóò ṣoore tán, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Òjò ń rọ̀ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Pa Adama. Oṣù kẹsàn-án ni, omi ti gba gbogbo ìta Albert Market. Bàbá náà fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó kà á, ó rẹ́rìn-ín.

“Mista Bode, di uman don tok finis?”

Mista Bọ̀dé ní kó má wulẹ̀ yọ òun lẹ́nu, kó ṣáà tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó jáde síta, aago mẹ́ta ò tíì lù. Bó bá wọ gelegele nígbà náà, yóò bá àlejò ní gbọ̀ngàn. Ó wo bàtà rẹ̀ tó ti mu omi yó, ó wo òjò, ó kọrí sílé.

Títí, ìyàwó rẹ̀, ń tọ́jú ẹja lọ́wọ́. Ẹnu yà á.

“Bàbá Tèmi, ẹ ò lọ gbọ́ obìnrin yẹn ni? Ẹni tó máa yẹ̀ yín wò lọ́la?”

“Títí, mo ti mọ ohun tó máa sọ. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ó rẹ̀ mí, jàre.”

Títí sọ ẹja sílẹ̀. Ó gbé omi gbígbóná wá fún un, ọkọ rẹ̀ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì sùn lọ lórí àga.

Láàárọ̀ Jímọ̀, Kemo awakọ̀ ló kọ́kọ́ pàdé lẹ́nu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kemo kì í fi iṣẹ́ jáfara. Aago méje kò tíì lù tó ti kó ìwé ìròyìn lọ́dọ̀ Pa Adama tó sì ti pín in káàkiri.

“Mista Bọ̀dé, àlejò ò dé lánàá o. Fẹ́rì bàjẹ́. Òdìkejì omi ní Barra ló sùn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gbé e wá ni.”

Ọkàn Mista Bọ̀dé já. “Ìwé ìròyìn ńkọ́?”

“Mo ti pín in tán,” ni Kemo wí tayọ̀tayọ̀. “Mo fún òun náà ní ọ̀kan nínú mọ́tò, kó má bàa dá jókòó lásán.”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Mista Bọ̀dé kò tilẹ̀ tó ogún. Ọdún mẹ́sàn-án péré ni.

Nafi ni wọ́n kọ́kọ́ pè wọlé. Nígbà tó kan Mista Bọ̀dé, ó bá obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ń hu ewú, tí aṣọ ìrìn àjò rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa. Ìdì ìwé ìròyìn ọdún mẹ́tàlá tí Mista Bọ̀dé kó mọ́ fọ́ọ̀mù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí iṣẹ́ wà níwájú obìnrin náà. Ti òní ló wà lókè pátápátá.

“Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀dé, ẹ jókòó. Mo ti ka ohun tí mo sọ lánàá. Wọ́n ní gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, ohùn mi sì dùn. Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà ní Barra nígbà yẹn, tí mo ń jẹ búrẹ́dì.”

Irọ́ tó rọrùn wà nílẹ̀. Ó lè ní ilé ìtẹ̀wé ló ṣe àṣìṣe, Pa Adama kò sì ní tú àṣírí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mú un lò.

Dókítà Sarr fọwọ́ lé ìdì náà. “Nínú gbogbo èyí, èwo lẹ wà níbẹ̀?”

Mista Bọ̀dé tú okùn rẹ̀. Ó kó ti ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ sápá kan, ó kó ìyókù sápá kejì. Apá kejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po méjì. Kò tíì rí wọn bẹ́ẹ̀ rí, ojú sì tì í gidigidi.

“Mo wà ní ìwọ̀nyí, Mà. N kò sí ní àwọn tó kù.”

“Kí ló fà á?”

“Ó rẹ̀ mí ni, Mà.” Kò mọ̀ pé ohun tí òun máa sọ nìyẹn.

Obìnrin náà kò bú u, kò sì rẹ́rìn-ín. “Iṣẹ́ olóòtú lẹ fẹ́ lọ kọ́,” ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Olóòtú ló yẹ kó dá irú èyí dúró.” Ó kọ nǹkan sílẹ̀. “Mo dúpẹ́ tí ẹ kò purọ́ fún mi. Aago mọ́kànlá ni mo máa sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ wá gbọ́ o.”

Ó lọ. Ó jókòó sí ẹ̀yìn, ó ṣí ìwé sílẹ̀ lórí orúnkún. Ohun tó kọ sínú ìròyìn ni pé Dókítà Sarr sọ̀rọ̀ lórí ìdàgbàsókè. Àṣé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó ń kó ọ́ísítà, ẹran inú ìkarahun, lára gbòǹgbò igi inú omi lábẹ́ afárá ọ̀nà Banjul ló bá wá, afárá tí Mista Bọ̀dé ń gbà kọjá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti ọdún mẹ́tàlá. Dókítà Sarr ní ìyá àgbà kan bi òun pé: “Ẹ̀yin oníwèé, ohun tí a kó lẹ máa ń kà. Ṣé ẹ ti bi wá rí nípa ohun tí a fi sílẹ̀ nínú omi kó lè dàgbà?” Obìnrin náà wá ṣàlàyé bí ìbéèrè yẹn ṣe yí gbogbo ìwádìí òun padà. Mista Bọ̀dé ń kọ ọ́ sílẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro ó.

Níbẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ó ń bẹ àwọn ará Dakar fún ẹ̀kọ́ ọdún kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án ti gba gbọ̀ngàn yìí kọjá, yàrá mẹ́ta péré sí ọ́fíìsì rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, tí òun sì ń kọ ọ́ pé ó dùn. Ó dùn ún wọ eegun. Kò sí àjọ tó lè dá ìyẹn padà fún un.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé láti Dakar. Orí tábìlì Mista Bọ̀dé ni wọ́n gbé e sí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìròyìn ayọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń kọ́kọ́ balẹ̀. Nafi ni wọ́n mú. Mista Bọ̀dé kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dìde lọ sí ibi ìkówèésí, ó sọ fún Nafi lójúkojú, ó dúró títí obìnrin náà fi sunkún ayọ̀ tán, kó tó padà wá kọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Pa Adama ka ojú ìwé méjèèjì, níbi tí ọ̀rọ̀ tí Dókítà Sarr sọ gan-an wà, ó sì yọ awò ojú rẹ̀.

“Mista Bode, na fotin pipul nomo?”

Mista Bọ̀dé ní ènìyàn mẹ́rìnlá ni. Òun kà wọ́n.

“En di clap?”

Ó ní wọn kò ráyè pàtẹ́wọ́, nítorí Kemo ti ń fọn fèrè mọ́tò kí àlejò má bàa pàdánù fẹ́rì. Bàbá náà wá fọwọ́ kan ibi tó ṣófo nísàlẹ̀ ojú ìwé kejì. Ibẹ̀ ni ìròyìn àlejò ọjọ́ náà máa ń wà. Mista Bọ̀dé ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

“Nex wik? I go don ol.”

“Bó bá gbó, ó gbó, Pa. Ó kéré tán, á ti ṣẹlẹ̀.”

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀. Òjò tún ti ń ṣú. Ẹsẹ̀ ń ro Mista Bọ̀dé, oṣù mẹ́ta ó lé díẹ̀ ló sì kù kó pé àádọ́ta ọdún. Ó fi ìwé rẹ̀ sábẹ́ abíyá kí omi má bàa kàn án, ó wọ gelegele tó ń lọ sí Kanifing.