Ọwọ́ Òsì Bàbá Kíkẹ́

Bí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù fọ́tò Kíkẹ́ Akíntóyè lójú ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé, ní Àkúrẹ́, tí o jókòó gbagidi, tí o da àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dé orúnkún bí ẹni tó ń retí ìdájọ́, kò ní yà ọ́. Yóò kọ́kọ́ wá nǹkan tí ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n ṣe fún ọ. Télọ̀ á mú abẹ́rẹ́, ìyá ìkókó á gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Á pa fìláàṣì, á ṣí fèrèsé kan ṣoṣo kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ó ní ojú a máa parọ́ níwájú kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni kan ṣoṣo ni kò gbà fún un: bàbá tó bí i, ní ìlú Oǹdó. Àdá ti gé ìka méjì lọ́wọ́ òsì Bàbá níbi tí wọ́n ti ń la kòkó, kí wọ́n tó bí Kíkẹ́ rárá. Láti ìgbà náà, bí àlejò bá ti wọlé báyìí, ọwọ́ yẹn á wọ àpò. Wọ́n á ní ọwọ́ òsì kì í ṣe ọwọ́ tí à ń nà sí èèyàn. Wọ́n tún ní fọ́tò yíyà kì í ṣe iṣẹ́, eré ọmọdé ni. Ọ̀rọ̀ yìí dun Kíkẹ́ wọra.

Nígbà tí Bàbá pé àádọ́rin ọdún, wọ́n gbà kó ya àwọn, bí ọwọ́ òsì kò bá sáà ti ní hàn. Kíkẹ́ ya mẹ́wàá, kò sí èyí tó dáa níbẹ̀. Ló bá di pé ìyá rẹ̀ ké láti ilé ìdáná pé òun ò tíì rí ọsàn òun jẹ. Bàbá ló ń bó ọsàn fún ìyàwó wọn lójoojúmọ́ ayé, èèpo rẹ̀ kì í sì í já láti òkè délẹ̀. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n gbàgbé ara wọn, wọ́n fa ọwọ́ yọ. Ìka mẹ́ta tó kù di ọsàn mú jẹ́jẹ́. Kíkẹ́ yà á.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni àyà rẹ̀ fi ń já kó tó gbé fọ́tò náà padà sí Oǹdó.

“Bàbá, mo ṣẹ̀ yín,” ló wí. “Bí ẹ bá ní kí n fà á ya, màá fà á ya.”

Bàbá gbé e lọ síta, wọ́n wò ó, wò ó. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, òòlù àti ìṣó ni wọ́n béèrè.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yà wá kí wọn. Bàbá dìde, wọ́n fa ọwọ́ òsì yọ nínú àpò, wọ́n nà án sí fọ́tò lára ògiri níṣojú gbogbo wọn. Ìyá Kíkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá Kíkẹ́, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni o.”

“Kì í ṣe ilé bàbá mi ni mò ń júwe,” ni Bàbá fèsì. “Iṣẹ́ ọmọ mi ni.”

Kíkẹ́ ní omi lòun fẹ́ lọ bù nílé ìdáná, ṣùgbọ́n ẹkún ayọ̀ ló lọ sun.