Orúkọ Tí Muriel Kọ̀

Ní Ellenroyd, bí èèyàn bá sọ òkò sáàárín ọjà, bí kò bá ba Walker kan, á ba ẹni tó fẹ́ ọmọ Walker. Aṣọ onírun àgùntàn ni wọ́n ń hun níbẹ̀ láti ayébáyé. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí òfì, ọ̀rá àgùntàn á ṣì wà lára rẹ̀, á sì rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n á kó o sínú ọpọ́n, wọ́n á da ìtọ̀ tó ti kan lé e lórí, ọkùnrin á ká ṣòkòtò dé orúnkún, á máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, títí aṣọ á fi mọ́ tí á sì ki. Ẹni tó ń tẹ aṣọ yẹn ni wọ́n ń pè ní Walker. Nígbà tí ẹ̀rọ tí odò ń yí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀, orúkọ kò bá iṣẹ́ lọ. Ó ti di ti ọmọ àti ọmọ ọmọ, ó sì ti tàn kárí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí koríko ẹ̀bá ọ̀nà.

Ohun tó bá pọ̀ jù kì í wúlò fún ìpè. Bí o bá pe Walker lójú pópó Ellenroyd, ìdajì ìlú ni yóò wẹ̀yìn. Nítorí náà, iṣẹ́ bàbá ẹni tàbí ibi tí ilé ẹni wà ni wọ́n fi ń mọ olúkúlùkù. Arthur Walker kan wà tó ń ta èédú, Arthur Eléèédú ni. Irvin tí ilé rẹ̀ wà lókè pátápátá, Irvin Olókè ni. Arthur Walker tí Muriel fẹ́, Arthur Alágbá ni, nítorí pé bàbá àgbà rẹ̀ ló máa ń da kẹ̀kẹ́ ẹṣin láàárọ̀, tí á gbé àgbá ńlá sórí rẹ̀, tí á máa kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé, tí á máa gba ìtọ̀ òru lọ́wọ́ àwọn ìyàwó ilé fún àwọn atẹ̀ṣọ.

Muriel kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ní Harrogate ló dàgbà sí, níbi tí àwọn olówó ti ń wá mu omi ìwòsàn, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fìlà obìnrin ló sì ti ń ṣiṣẹ́ kí ó tó lọ́kọ. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ellenroyd, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Sarah dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó Alágbá, káàbọ̀ o. Ìkòkò mi ti kún, ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wá gbé e?"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Arthur gan-an rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè lọ́nà ilé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó ní Walker ló ń tẹ̀ ẹ́, Alágbá ló ń gbé e wá, inú ọpọ́n kan náà sì ni wọ́n ti ń jẹun. Ara Muriel bù máṣọ. Ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn nínú ilé òun mọ́. Arthur kò sì dá a sọ níbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Nígbà tó yá, Muriel rọ ọkọ rẹ̀ títí wọ́n fi kó lọ sí ìlú ńlá tó wà nísàlẹ̀ àfonífojì, níbi tí kò sẹ́ni tó mọ àgbá. Ṣùgbọ́n Arthur kò fi ẹgbẹ́ afunfèrè idẹ Ellenroyd sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́bọ̀ ló ń wọ bọ́ọ̀sì gòkè lọ pẹ̀lú fèrè ńlá rẹ̀ lórí itan. Nínú gbogbo àwọn tó ń bá a fun fèrè, kò sí ẹnì kan tó mu tíì nílé Muriel rí. Kò pè wọ́n.

Òtútù inú oṣù kejì ló gbé ikọ́ Arthur sọ sínú àyà, ikọ́ náà ló sì mú un lọ.

Ní Ellenroyd, bí èèyàn bá kú, ẹnì kan á wọ aṣọ dúdú, á máa kan ilẹ̀kùn kiri, á sì sọ lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan pé, ẹ wá bá wa sin lágbájá. Ilé tí wọn kò bá kàn, ará ibẹ̀ kò ní yọjú síbi òkú. Ọkùnrin tó ń ṣètò ìsìnkú náà bi Muriel pé ta ni yóò gòkè lọ pe àwọn èèyàn. Ó ní kò sẹ́ni tí yóò lọ, òun yóò fi í sínú ìwé ìròyìn bí àwọn ọ̀làjú ṣe ń ṣe. Ọkùnrin náà tún bi í pé orúkọ wo ni kí wọ́n fi tẹ̀ lé Arthur Walker, kí àwọn tòkè lè mọ ẹni tó jẹ́.

"Arthur Walker ni orúkọ rẹ̀," ni Muriel wí. "Ó tó."

Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé, ó kéré tán, lọ́jọ́ ìkẹyìn, ọkọ òun yóò lọ láìrùn.

Ó bọ itan ẹlẹ́dẹ̀ tó lè bọ́ ẹgbẹ́ afunfèrè àti ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì. Ó yá àwo. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba aládùúgbò díẹ̀ ló wá, pẹ̀lú Constance, àbúrò rẹ̀ láti Harrogate. Ohùn pásítọ̀ ń lu ògiri padà sí wọn létí. Constance gé ẹran díẹ̀, ó wo àwọn àga òfìfo, ó ní, "Arthur kò lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀, àbí?" Ajá aládùúgbò ló jẹ itan ẹlẹ́dẹ̀ náà tán. Muriel bínú sí gbogbo Ellenroyd, ìbínú náà sì gbé e ró bí ọ̀pá, títí ọjọ́ tó pàdé Irvin Olókè, tó ń bá Arthur fun fèrè, lọ́jà.

Irvin ṣí fìlà. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé ikọ́ yẹn ò tíì fi Alágbá lọ́rùn sílẹ̀ ni? A ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí àga ẹ̀ o. Sọ fún un pé tó bá tún pẹ́ sí i, ológbò mi la máa fi rọ́pò ẹ̀. Ológbò yẹn mọ orin jù ú lọ."

"Arthur ti kú, Ọ̀gbẹ́ni Irvin. Mo ti sin ín."

Irvin wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Muriel ní ó wà nínú ìwé ìròyìn, Arthur Walker ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìgbà náà ni ọkùnrin náà fi ọwọ́ di orí ògiri mú. Àwọn rí i, ó ní, àwọn kà á sókè níbi tí àwọn ti ń fi orin kọ́ra. Eléèédú ni àwọn rò pé ó kú. Wọ́n dá owó, wọ́n ra òdòdó, wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, Eléèédú fúnra rẹ̀ ló sì ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu. Wọ́n ní á jẹ́ pé Walker ìlú mìíràn ni.

"A rẹ́rìn-ín," ni Irvin wí. "Ọjọ́ tí wọ́n ń sin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rín ni mò ń rín. Kí ló dé tó ò fi Alágbá sí i?"

Irọ́ pọ̀ tí Muriel lè pa. Kò pa á.

"Orúkọ yẹn ló ń tì mí lójú."

"Kò ti òun lójú," ni Irvin wí. Ó dé fìlà rẹ̀. "A fẹ́ lọ fun fèrè fún un lórí sàréè. Ṣùgbọ́n a kì í lọ síbi òkú tí wọn ò pè wá sí, ìwọ lo sì ni ín. Tó o bá fẹ́ ká wá, o mọ bí wọ́n ṣe ń pè wá."

Èéfín kò ṣeé dì máṣọ. Muriel délé, ó jókòó ti aṣọ ẹgbẹ́ Arthur tó kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kì í ṣe òórùn àgbá ló wá ń gbọ́ báyìí, ìwà tirẹ̀ ni. Gbogbo ọdún tó fi ń pa ọkọ rẹ̀ mọ́ kúrò lójú àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, ó rò pé òun ń fọ̀ ọ́ mọ́ ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ dúdú, ó wọ bọ́ọ̀sì gòkè. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tó kàn, obìnrin kékeré kan tó gbé ọmọ lápá ló yọjú.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ta lẹ ń wá?"

"Muriel Walker ni mí."

"Walker wo, mà?"

Ojú Muriel gbóná títí dé etí. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀ bí òkúta, nítorí pé kò wí i rí láyé rẹ̀.

"Ìyàwó Alágbá. Arthur Alágbá ti kú. Mo sin ín láìpè yín. Mo wá pè yín sí sàréè rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀."

Láti ẹ̀yìn obìnrin náà, Sarah ọjọ́sí fi ọ̀pá wọ́ ara rẹ̀ jáde, ó ti gbó, ojú rẹ̀ ti ṣe bàìbàì. Muriel ń retí kí ó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn fún un bó bá rẹ́rìn-ín.

"O pẹ́ kí o tó dé, ìyàwó Alágbá," ni arúgbó náà wí. "A máa wá. Nítorí Alágbá ni o."

Kò ní kí ó wọlé. Muriel dúpẹ́, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta, ó sì rìn lọ sí ojúlé kejì, ojú ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin máa ń tọ̀ láyé ọjọ́un. Kí ó tó kan ilẹ̀kùn ibẹ̀, ó ti ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ nínú ilé pé ẹ wá wo ìyàwó Alágbá lóde. Ó dúró dè wọ́n kí wọ́n ṣí i.