Ọjọ́ Tí Mo Pọn Ìyá Ọkọ Mi Nítorí Ìbò

Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé èmi, tíṣà, ọmọ Yábàá, tí wọ́n fi ìwé orin Mẹ́tọ́díìsì tọ́ dàgbà, máa pọn ìyá ọkọ mi sẹ́yìn ní ọ̀sán gangan, ǹ bá ní kí olúwarẹ̀ lọ sùn. Ṣùgbọ́n mo pọ̀n ọ́n. Mo tún ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe pọ̀n ọ́n.

Ọdún yẹn ni àwọn ṣọ́jà ní àwọn fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá. A ti forúkọ sílẹ̀ fún ìbò, inú gbogbo wa ń dùn bí ẹni pé Kérésìmesì ń bọ̀. Ìgbà náà ni wọ́n lẹ máàpù wọ́ọ̀dù mọ́ ògiri ilé ìwé tó wà lópin òpópónà wa ní Ìpọ̀nrí. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo fi ìka tọ ìlà tó pín wọ́ọ̀dù lọ. Ìlà ọ̀hún gba àárín òpópónà wa kọjá! Àwọn tó ń gbé lápá ọ̀tún á dìbò nílé ìwé yẹn. Àwa tí a wà lápá òsì, wọ́n ní ká sọdá rélùwéè lọ dìbò lápá Ọ̀yìngbò. Ẹ gbà mí o! Ẹni tó fa irú ìlà yìí ò fẹsẹ̀ tẹ Ìpọ̀nrí rí, mo lè búra.

Ǹ bá ti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, tí kì í bá ṣe ti ìyá ọkọ mi. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń sinmi. Ìyá yìí sì ti dìbò rí kí ṣọ́jà tó dé, láti ìgbà náà ló ti ń retí pé òun á tún un ṣe. Ó ti yọ aṣọ tó máa wọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ máàpù fún un, ó kàn ká aṣọ náà, ó dá a padà sínú àpótí. Ó dùn mí wọra.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́, bí a ṣe jáde ilé ìwé, mo gba ọ́fíìsì elétò ìdìbò lọ, ní òdìkejì rélùwéè. Ọ́fíísà tí mo bá níbẹ̀, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó wọ awò ojú, ní tí mo bá lè kọ orúkọ gbogbo olùdìbò apá òsì wá, bó ṣe wà nínú rẹ́jísítà gẹ́lẹ́, òun á dá wa padà sí ilé ìwé wa. Ó ní ọ̀la, aago méjì ọ̀sán, ni òpin.

Ìyẹn nìkan? Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Ṣebí orúkọ kíkọ ni iṣẹ́ tíṣà? Mi ò tiẹ̀ wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn tí àwọn ọkùnrin wà nílé. Mo ní ó di àárọ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, gbogbo ọkùnrin ti lọ síbi iṣẹ́, ọkọ mi náà ti lọ. Àwọn ìyàwó ló kù. Gbogbo apá òsì yẹn, ẹbí ọkọ mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló kún un, ilé lórí ilé. Ìyàwó ilé kì í sì í pe orúkọ ẹni tí wọ́n ti bí sínú ẹbí ọkọ rẹ̀ kó tó dé, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Orúkọ àdàpè ló máa fún un.

"Kí lorúkọ àbúrò ọkọ yín?" Mo bi ìyàwó ilé kejì.

"Akọ̀wé."

"Orúkọ rẹ̀ gan-an, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Háà! Kí n la ẹnu pe orúkọ ọkọ mi? Ìyàwó, ṣé o fẹ́ kí ẹnu mi wọ́ ni?"

Ní ilé kẹta, Eyínafẹ́ àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ní ilé kẹrin, Akọ̀wé mìíràn. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí, mo pè wọ́n ní ará oko. Nígbà tí mo dé ilé tiwa, tó kan orúkọ ìyá ọkọ mi, ọwọ́ mi kọ̀ jálẹ̀. Èmi ọ̀làjú! Mo kọ "Ìyá Wa" síbẹ̀. Mo ní, ta ni kò mọ Ìyá Wa?

Ọ́fíísà gba ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. "Akọ̀wé. Eyínafẹ́. Akọ̀wé. Ìbàdíàrán. Akọ̀wé. Tíṣà, ṣé orúkọ olùdìbò nìyí àbí ẹ̀ ń sin ìyàwó?" Ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹkún ṣe gbọ̀n mí. Ó ní, "Ẹ má sunkún. Ẹ ṣì ní wákàtí mẹ́ta."

Mo sáré délé, mo ròyìn fún ìyá ọkọ mi. Ó pa àtẹ́wọ́.

"Ta ni mo bá nílé yìí tó ṣì wà láyé? Ojú mi ni wọ́n ṣe bí gbogbo wọn. Èmi ni màá pè wọ́n! Ta ló máa gbé mi dé ọ̀hún?"

Takisí gbé wa dé etí rélùwéè, awakọ̀ ní ọ̀nà pin, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi sọdá. Mo tú ìborùn mi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ gun ẹ̀yìn, mà."

"Ayé mà ti dé o!" Ó gùn ún. A sọdá irin àkọ́kọ́, a sọdá èkejì, ìyá ń rẹ́rìn-ín sí mi létí, gèlè mi ti ṣubú. Àwọn ará Ọ̀yìngbò pariwo: "Ìyàwó, ẹ kú ọmọ pípọ̀n o! Ọmọ yìí mà tóbi o!"

"Àkọ́bí rẹ̀ ni mí!" Ìyá dá wọn lóhùn.

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì, ọ́fíísà wò wá. "Ìyá, bí ẹ ṣe dé ibí lónìí, ṣé ẹ ò lè dé ibí lọ́jọ́ ìbò?"

"Ẹ̀yìn ìyàwó mi ni mo gùn wá, ọmọ mi. Ṣé ìjọba á máa fún wa ní ẹ̀yìn ni?"

Ọkùnrin yẹn ṣí rẹ́jísítà. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ, ilé kan tẹ̀ lé ìkejì, ọ́fíísà ń fàmì sí i. Kò gbàgbé ẹnì kan. Ó kan òun alára. Ó sọ orúkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti wà nílé rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ nìyẹn. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ni mí.

"Àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ ti lọ tán," ó sọ fún ọ́fíísà.

Wọ́n dá wa padà sí ilé ìwé wa. Lọ́jọ́ ìbò, òṣìṣẹ́ ìbò tó jókòó sídìí tábìlì wo inú rẹ́jísítà, ó fi gbogbo ohùn pe orúkọ ìyá ọkọ mi. Gbogbo àwa ìyàwó kúnlẹ̀ lórí ìlà, a fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń pa wá kú lọ. Ìyá dúró, kò mira. Òṣìṣẹ́ náà rò pé kò gbọ́, ó fẹ́ kọjá sí orúkọ tó kàn.

"Mo gbọ́," ìyá wí. "Tún un pè."