Oògùn Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Mi

Òórùn ẹmu tó ti kan ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Ọjà'ba, mo gba ọ̀nà tóóró ẹ̀yìn àwọn alágbẹ̀dẹ wọ agboolé wa nísàlẹ̀ Mápó, òórùn náà sì pàdé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé wa kẹ̀! Onítẹ̀bọmi ni wá, a kì í gbé ọtí wọlé kódà nígbà Kérésì. Mo rò pé àwọn lébìrà kan ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìnkùlé. Àṣé ara ìyá mi ni wọ́n ń fi ẹmu pa.

Jẹ́ kí n mú un láti ìdí, ọ̀rẹ́ mi. Òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì ni ìyá mi ń tà ní Bẹẹrẹ. Lọ́dún yẹn, ìrora kan wọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, bó bá fẹ́ fọ ẹnu, bó bá kàn fẹ́ dáhùn ìkíni, á ta gìrì bí ẹni tí iná gbé, á di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n yọ eyín méjì fún un lásán. Obìnrin tó máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu pa oníbàárà lẹ́rìn-ín wá di ẹni tó ń fi ọwọ́ júwe. Nígbà tó yá, mo mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà eléyín ní ọsibítù ńlá kan. Wọ́n ní kì í ṣe eyín rárá, iṣan inú ojú ló ń dùn ún, wọ́n sì kọ oògùn fún un. Ẹni tó fún wa lóògùn lójú fèrèsé ò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní, “Màmá, àárọ̀ àti alẹ́. Ẹ ò gbọdọ̀ pa ọjọ́ kan jẹ o.” Kí ìyá mi tó di oògùn náà sí etí ìró, ó ti ń pe ẹni tó kàn.

Oògùn náà sì jẹ́, n ò ní purọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìyá mi ti ń jẹ ẹran, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún ti ń bú mi pé n ò tíì lọ́kọ. Mo dúpẹ́, mo padà sí Ìṣẹ́yìn níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà.

Ẹ̀yìn mi ni ibà dé. Ojú ìyá mi pọ́n, ọ̀fun ń dùn ún, ara rẹ̀ sì sú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, wo ara yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìka lé ètè. O mọ̀ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Àìsàn kan wà tí gbogbo Bíbélì ilé wa ò lè mú kí àwọn àgbà dárúkọ rẹ̀. Wọ́n á kàn ní ilẹ̀ ló gbóná, ó parí. Òun ni wọ́n rò pé ó mú ìyá mi. Wọ́n gbé e sí iyàrá tó ṣókùnkùn, wọ́n yọ ata kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pariwo, wọ́n wá ẹmu. Wọn ò sì jẹ́ kí oògùn ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹ̀. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló ń fi í sí i lẹ́nu láàárọ̀ àti lálẹ́, torí wọ́n ní kí wọ́n má pa ọjọ́ kan jẹ. Ibi tó ti dùn mí jù nìyẹn, pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Mo ń pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ní ó ń sùn. Mo tún pè, wọ́n ní ó ti lọ sí ìsọ̀. Wọn kì í sọ àìsàn yẹn fún ẹni tó wà lájò. Wọ́n ní bí a bá ń kéde rẹ̀, ṣe ló máa ń le sí i. Àwọn tó jẹ́ pé bí èèyàn bá sín ní Mápó, wọ́n á ti ròyìn rẹ̀ dé Bẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ ìyá mi ni wọ́n wá mọ bí wọ́n ṣe ń pa mọ́. Obìnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí ti ìyá mi ló pè mí, tó ń béèrè bóyá a ti mú un kúrò nílùú. Ọjọ́ kejì ni mo gbéra.

Awọ ẹ̀yìn ìyá mi ń bó bí ti ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Ẹnu rẹ̀ ti di egbò, kò lè gbé itọ́ mì, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì ti lẹ̀ pọ̀. Mo figbe ta, Ìyá Àgbà ní kí n rẹ ohùn sílẹ̀. Mo ní ọsibítù là ń lọ. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Wọn kì í gbé e jáde. Ṣé o fẹ́ pa á ni?”

Mo lọ ké sí awakọ̀ kan ní títì, a jọ fi aṣọ gbé ìyá mi gba ẹ̀gbẹ́ Ìyá Àgbà kọjá.

Dókítà tó gbà wá wò ó, ohun tó sì kọ́kọ́ béèrè ni oògùn tó ń lò. Mo fa oògùn ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí mo mú láti ilé lé e lọ́wọ́. Ó ní, “Èyí ló ń ṣe é. Ṣé wọn ò sọ fún yín pé bí ara bá sú, kí ẹ dá a dúró kí ẹ sì sáré wá?” Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ó ṣàlàyé pé oògùn gidi ni, pé ìwọ̀nba èèyàn ló máa ń ṣe báyìí fún. Ìwọ̀nba èèyàn náà, ìyá mi wà níbẹ̀.

Kò kú. Awọ padà sára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìríran ò padà. Ó kàn ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́ ni. Ìrora ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà padà wá. Wọ́n ní oògùn mìíràn wà tí kò jọ ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò tún gbé kóró oògùn kankan sẹ́nu mọ́. Á di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, á máa mi orí, èmi á jókòó tì í, n ò lè ṣe nǹkan kan. Ọkàn mi bàjẹ́ títí di òní.

Èyí tó korò jù ni pé Ìyá Àgbà ni ìyá mi gbà gbọ́. Ó ní ẹmu yẹn ló dá ẹ̀mí òun sí, pé bí kì í bá ṣe pé mo gbé òun jáde síta, ojú òun ò bá fọ́. Mo ti ṣàlàyé títí ó ti sú mi. Mo ti wá gbà pé òtítọ́ tó bá pẹ́ kó tó dé, àlejò ló máa jẹ́ nínú ilé. Ẹni tó fọwọ́ kan aláìsàn nígbà tí ara ń jó o, òun ni aláìsàn mọ̀. Bí Ìyá Àgbà bá ti wọlé báyìí, ìyá mi á ní kí n kúnlẹ̀ kí i, kí n dúpẹ́. Mo sì ń kúnlẹ̀. Ìyá mi ò rí mi, ṣùgbọ́n ó máa ń tẹ́tí títí orúnkún mi á fi kanlẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.