Orúkọ Tí Hàsíátù Kọ Sínú Áàpù Bàbá Ọkọ Rẹ̀

Bí ẹ bá dé Ifangni, tí ẹ béèrè ìsọ̀ Hàsíátù níbi tí àwọn ọlọ́kadà tó ń lọ sí Igolo máa ń dúró sí, wọ́n á fi hàn yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi áàpù sínú fóònù àwọn èèyàn, kí ó sì máa tún èyí tó bá ń yọ wọ́n lẹ́nu ṣe. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń ránṣọ. Adétóun ni àwọn òbí mi sọ mí, ṣùgbọ́n Hàsíátù ní Abẹ́rẹ́-ò-sùn ni mò ń jẹ́, nítorí pé ẹ̀rọ ìránṣọ mi kì í jẹ́ kí ó rẹjú lọ́sàn-án.

Ilé ọkọ ló ti kó àṣà yìí. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nínú ilé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Orúkọ mìíràn ni yóò wá fún un: Akọ̀wé, Ìdí-ìlẹ̀kẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Pupa. Àwa yòókù ṣe é fún ìgbà díẹ̀, nígbà tí ọmọ sì pọ̀ lọ́wọ́ wa, a fi í sílẹ̀. Hàsíátù kò fi í sílẹ̀ ní tiẹ̀. Ajá kan wà nínú ilé náà kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé, Hàsíátù kò pe ajá náà lórúkọ títí ó fi kú. “Ọkọ mi kékeré” ló ń pè é. Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n Hàsíátù, ìṣe èèyàn ló ń wò, ohun tó bá sì rí níbẹ̀ ló ń fi sọ ọ́.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá ọkọ rẹ̀. Mẹ́tìrì, ìyẹn olùkọ́ lédè Faransé, ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí pé òun ló kọ́ ìdajì wa níwèé. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, ojú rẹ̀ sì ti di bàìbàì débi pé kò lè kàwé mọ́. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ bá ìwé ṣeré, kí ó wá di ẹni tó ń bẹ ọmọdé kí wọ́n bá òun kà á! Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa ń fo ojú ìwé kí wọ́n lè tètè lọ gbá bọ́ọ̀lù, bàbá náà sì máa ń mọ̀. Hàsíátù tó jẹ́ Mùsùlùmí náà bá a ka Bíbélì tọkàntọkàn, àfi pé ó ń sáré kà á bí ẹni tí takisí fẹ́ fi sílẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Àjàṣẹ́ tó ń jẹ́ Anicet, áàpù ló ń ṣe. Ó ṣe ọ̀kan tó pè ní Ohùn Ìwé. Bí o bá gbé fóònù sórí ìwé, á ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè, ìbáà ṣe Faransé, ìbáà ṣe Yorùbá, kò sì ní fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Ìsọ̀ ti ara rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni Anicet ti ń tà á. Ẹni tó bá rà á ni yóò gba àṣẹ ìlò, ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní licence, láìsí i, áàpù náà kò ní lanu. Hàsíátù rà á fún bàbá ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Mẹ́tìrì ti ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tí fóònù ń ka ìwé Jóòbù fún un, tó ń ka ìwé inú páálí oògùn, àní tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo mílíìkì. Kò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́.

Lọ́dún yìí, Anicet ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé òun fẹ́ ti ìsọ̀ òun pa, inú ọjà ńlá tó wà nínú fóònù gbogbo èèyàn ni Ohùn Ìwé yóò wà báyìí. Kí ẹni tó bá ti gba àṣẹ ìlò lọ́wọ́ òun gbé e lọ sí ọjà náà kí oṣù tó parí. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbé e, áàpù rẹ̀ yóò yadi.

Hàsíátù bá àwọn oníbàárà rẹ̀ gbé tiwọn. Kò le. Áàpù tuntun yóò béèrè àṣẹ ìlò lọ́wọ́ ti àtijọ́, yóò ka orúkọ ẹni tó ni ín sókè, onítọ̀hún yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó parí. Ti bàbá ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù. Lónìí, á ní bàbá ń sùn. Lọ́la, á ní réṣò íńtánẹ́ẹ̀tì kò dára. Inú bí mi. Mo bi í pé kí ni bàbá arúgbó náà fi ṣe é tó fi fẹ́ kí fóònù rẹ̀ yadi.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní nígbà tí òun ń ra áàpù náà, wọ́n béèrè orúkọ ẹni tó ni ín. Ṣé òun á wá fi ọwọ́ ara òun kọ orúkọ bàbá ọkọ òun ni? Èèwọ̀ ẹnu náà ni èèwọ̀ ọwọ́. Ló bá kọ orúkọ tí òun àti àwọn ìyàwó ilé fi ń pè é ní ìdí àdògán. Bí wọ́n bá ń kàwé fún bàbá náà, tó bá sì fura, ìka ló máa ń nà sókè, tí á ní, “Má fò ó.” Nítorí náà, Bàbá Má-fò-ó ni Hàsíátù kọ síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi rán apá bùbá oníbùbá mọ́ ọrùn.

Ọjọ́ tí oṣù máa parí ni Mẹ́tìrì fúnra rẹ̀ dé ìsọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Sylvie, nọ́ọ̀sì tó ń bá a wọn ìfúnpá, ló sọ fún un. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé fóònù lé orí tábìlì, ó ní òun gbọ́ pé ohùn òun máa lọ lónìí.

“Àbí o ti gbàgbé mi ni, Ìyá Fadel?” ló bi Hàsíátù, orúkọ ọmọ rẹ̀ ló fi ń pè é.

Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Kò sí ibi tí Hàsíátù á gbà sá mọ́. Ó rẹ ohùn fóònù náà sílẹ̀ pátápátá kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn arúgbó ni Anicet ṣe áàpù náà fún, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe pàtàkì, ó máa ń gbé ohùn ara rẹ̀ sókè.

“Àṣẹ ìlò yìí jẹ́ ti Bàbá Má-fò-ó,” ni fóònù kéde. “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Àwọn ọlọ́kadà tó wà níta yíjú. Hàsíátù tẹrí mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Bàbá béèrè ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Fóònù tún béèrè. Mẹ́tìrì na ìka sókè láti sọ̀rọ̀, ó wá kíyè sí ìka náà fúnra rẹ̀, ó sì rọra gbé e sílẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ló wí. “Èmi ni.”

Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ọjà inú fóònù kọ̀, ó ní orúkọ yìí kọ́ ni wọ́n fi forúkọ fóònù náà sílẹ̀. Hàsíátù pe Anicet, ó sì jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ti rẹ ọkùnrin náà, nítorí pé gbogbo ayé ló ń pè é lọ́jọ́ náà. Ó ní kò ṣòro: kí ẹni tó ra áàpù náà fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ẹni tó rà á fún, òun á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.

Hàsíátù ní Bàbá wa ni. Anicet ní Bàbá wa kì í ṣe orúkọ. Ó ní Mẹ́tìrì ni. Anicet ní iṣẹ́ nìyẹn. Ó ní ẹni tó bí ọkọ òun ni. Anicet mí kanlẹ̀. Èmi na ọrùn pé kí n bá a dárúkọ náà, bàbá náà fẹ́ sọ ọ́ fúnra rẹ̀, Anicet ní rárá, ohùn ẹni tó rà á ni òun fẹ́ gbọ́, nítorí pé àwọn kan ti ń jí àṣẹ ìlò ẹlòmíràn gbé.

“Bon, madame, àwọn èèyàn ń dúró dè mí,” ló wí. “Tí ẹ ò bá sọ ọ́, mo máa pa fóònù, mi ò sì ní ṣí ìsọ̀ mọ́ lọ́la.”

Omi lé ròrò sójú Hàsíátù. Gbogbo ẹ̀fẹ̀ tó ń ṣe yẹn, ó fẹ́ràn bàbá náà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Pè é, Ìyá Fadel,” ni Mẹ́tìrì wí.

“Bàbá, èèwọ̀ ni.”

“Èmi tí wọ́n tìtorí mi ṣe é léèwọ̀ ló ní kí o pè é.”

Hàsíátù kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, ó dojú bolẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ọmọ iléèwé lọ.

“Jósẹ́fù Ìjádé Fágbèmí.”

“Présent,” ni bàbá dáhùn, bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì.

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, Anicet náà rẹ́rìn-ín nínú fóònù. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó ṣánṣán, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ọ̀pá. Fóònù ń kéde pé àṣẹ ìlò ti kọjá sí ọjà tuntun, kò tilẹ̀ kọbi ara sí i. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tí a sin ní Tchaada ló pe òun ní Ìjádé kẹ́yìn. Láti ìgbà náà, Mẹ́tìrì ni, Bàbá ni, Bàbá Àgbà ni, láàárọ̀ títí dalẹ́, ó sì ti ń ṣe òun bíi pé wọ́n ti sin Ìjádé náà mọ́ ọn.

“Tún un pè,” ló wí.

Anicet ní kò pọn dandan mọ́, òun ti gbọ́.

“Ìwọ kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀,” ni bàbá dá a lóhùn.

Hàsíátù gbé orí sókè, ó wo ojú rẹ̀, ó sì tún un pè.